Fọ́ọ̀mù Tí Wọ́n Bá Mi Rà ní Adó

Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ ti bi mí ní ọjà, ẹ ti bi mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan tilẹ̀ ti bi ìyá mi nígbà tí mi ò sí nílé. Ìbéèrè kan náà ni: "Ṣé Adó dára? Ṣé o mú ìwé ẹ̀rí bọ̀?" Ìdáhùn ti àkọ́kọ́ rọrùn. Adó dára, ó dára débi pé bí mo bá gbọ́ òórùn iṣu sísè láàárọ̀, omi á kún mi lójú. Ìdáhùn èkejì ló gùn. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ èyí, kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n sinmi.

Ẹ mọ ohun tó gbé mi lọ. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yín ní Gẹ̀ẹ́sì, èmi tí mo kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún láti inú ìwé Faransé. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá ilé-ìwé wa pè mí, ó ní àṣẹ tuntun ti dé: olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí kò ní wọ kíláàsì mọ́. Ó fún mi ní oṣù mẹ́ta. "Bí o bá mú un dé, kíláàsì rẹ ń dúró dè ọ́. Bí o ò bá mú un dé, ẹlòmíràn ló ni ín." Àlùfáà wa ló mọ olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Adó-Èkìtì, tí yóò gbà mí sílé, tí yóò kọ́ mi, tí n ó sì ṣe ìdánwò ọ̀hún níbẹ̀. Bí mo ṣe di èrò ọ̀nà nìyẹn.

*

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ẹnubodè yọ yín lẹ́nu. Òkè ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ rí. Ilẹ̀ tiwa tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú wa máa ń rìn jìnnà. Ní Adó, òkúta ló yí ìlú ká, òkúta ńláńlá dúdú, àwọn ènìyàn sì kọ́lé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń sùn, wọ́n ń han-run, bí ẹni pé wọ́n ti bá òkúta ṣe àdéhùn. Lọ́jọ́ kìíní mo ń wòkè ṣáá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mi ò rí òkè mọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn ló gba gbogbo ọkàn mi.

Bàbá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pe olùkọ́ náà. Ó ga, ó gbẹ, kì í rẹ́rìn-ín àfi tó bá mọ̀ pé o ti ṣàṣìṣe. Màmá, ìyàwó rẹ̀, kúrú, ó yára, ó ń ta ìrẹsì ní Ọjà Ọba. Kí n tó kúnlẹ̀ tán ló ti gba àpò lọ́wọ́ mi.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ulé rẹ nì yí o. Ṣé ẹ máa ń jẹ uyán ní Kétu?"

Mo dúró, mo ń wò ó. Mo gbọ́ "ọmọ mi", mo gbọ́ "Kétu", èyí tó kù fò mí lórí. Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Ilé ló ń wí, àti iyán. Ibi tí ẹ̀yin ti ń fi 'i' bẹ̀rẹ̀, 'u' ni tiwa."

"Tèmi ló tọ̀nà," Màmá dáhùn. "Ẹ̀yin tíṣà lẹ ba ọ̀rọ̀ jẹ́."

Mo ti rò pé nítorí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni n ó fi jẹ́ àjèjì níbẹ̀. Àṣé Yorùbá gan-an yóò kọ́kọ́ sọ mí di àlejò. Bí mo bá ti la ẹnu ní Ọjà Ọba, orí mẹ́ta á yí padà.

"Níbo lo ti wá?"

"Kétu ni."

"Kétu ti Èkó?"

"Rárá, Kétu gan-an. Lọ́nà ọ̀dọ̀ àwọn Faransé."

"Háà! Ṣé Yorùbá wà lọ́dọ̀ àwọn Faransé ni?"

Inú máa ń bí mi. Ìlú tí ó ti ní ọba kó tó di pé òyìnbó kankan fa ààlà! Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí n bínú pẹ́. Wọ́n á ní kí n sọ Faransé díẹ̀ kí àwọn gbọ́, n ó kí wọn bí a ṣe ń kí dírẹ́kítọ̀ ilé-ìwé, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á bu èènì lé ohun tí mo rà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, orúkọ mi ti di Ọmọ Kétu. Mo jẹ́ ẹ. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá pè mí bẹ́ẹ̀, àárò Adó ló máa ń sọ mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwà wọn kan fún yín. Ìlú olùkọ́ ni ìlú yẹn. Ẹni tí kì í bá ṣe olùkọ́, olùkọ́ ló bí i. Ní àdúgbò Fájuyì, mo sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan fún ọkùnrin tó ń ta ìdérí fóònù. Ó dá mi dúró, ó tún gbólóhùn náà ṣe, ó ní kí n tún un sọ, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó ta ọjà fún mi. Ìtìjú mú mi. Nígbà tí mo délé, mo rí i pé mi ò ṣe àṣìṣe yẹn mọ́ láyé.

Ní ti oúnjẹ, Màmá kò gbà pé ẹnikẹ́ni ti yó rí. Ọkà àgbàdo tí a ń jẹ nílé, ó ní oúnjẹ ọmọdé ni. Láàárọ̀ Sátidé á gún iyán, a ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, á sì jókòó tì mí máa wo ọ̀fun mi. Bí mo bá sinmi, á ní, "Ṣé kò dùn ni?" N ó tún bẹ̀rẹ̀.

*

Ohun tí mo lọ kọ́ wá kàn.

Mo rò pé Bàbá yóò fún mi ní ọ̀rọ̀ tuntun, àwọn ọ̀rọ̀ gígùn tí ó ń dẹ́rù bani. Kò fún mi ní ẹyọ kan. Àwọn kékeré tí mo ti mọ̀ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé ló ń kó wá.

"Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dà bí èmi," ó ní. "Nínú ilé yìí, Bàbá Fẹ́mi ni mí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, alàgbà ni mí. Ní ọ́fíìsì tí a ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì, nọ́ńbà lásán ni mí. Ènìyàn kan náà ni. Kí o tó pe orúkọ mi, kọ́kọ́ wo ibi tí o ti pàdé mi."

Bó ṣe di pé a ń fi ọ̀rọ̀ kan jí lójoojúmọ́ nìyẹn. Ó mú "rúùtù": ó wà lábẹ́ ẹ̀gẹ́ nínú ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn, ó wà lábẹ́ nọ́ńbà nínú ìṣirò, ó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ nínú gírámà. Ó mú "máàsì". Ó ní, "Ẹ̀yin Kátólíìkì ń lọ sí Máàsì, àwọn onífísíìsì ń wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n." Lọ́jọ́ tí ó fẹ́ kọ́ mi ní "páwà", àwọn ìjọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń gbàdúrà, wọ́n ń lọgun "Páwà! Páwà!" débi pé pátákó ń gbọ̀n. Bàbá kọ èjì, ó kọ ẹ̀ta kékeré sí orí rẹ̀ bí onímọ̀ ìṣirò, ó fi ṣọ́ọ̀kì tọ́ka sí i.

"Èyí náà páwà ni," ó ní. "Kò sì pariwo."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi gbá ìwé mi lulẹ̀. Mo wá mọ ìdí tí àwọn ọmọ mi ní Kétu fi ń yege nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì ń ṣubú bí wọ́n bá ka ìwé ìmọ̀ mìíràn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni mo kọ́ wọn fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọkàn mi gbóná láti lọ tún un ṣe.

"Fọ́ọ̀mù" náà wà nínú àwọn tí a kọ́. Bàbá kà á lórí ìka: nígbà tiwọn, fọ́ọ̀mù ni kíláàsì ọmọ ilé-ìwé. Fọ́ọ̀mù ni ìrísí nǹkan. Fọ́ọ̀mù ni ìwé tí a ń kọ orúkọ ẹni sí. Agbábọ́ọ̀lù tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, wọ́n á ní ó wà ní fọ́ọ̀mù. "Ilé mẹ́rin ló ń gbé," ó ní, ó sì pa ìwé dé.

*

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan tí wọn yóò ta fọ́ọ̀mù ìdánwò wa tán. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tà á kò jìnnà sí Fájuyì, ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò sì dáwọ́ dúró. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, Bàbá lọ sí ìpàdé ìjọ. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá ti mọ́ ni mo fẹ́ lọ sí ìlú Igbemo, nítorí pé ẹ̀gbọ́n Màmá ń kórè ìrẹsì níbẹ̀, Màmá sì rán mi lọ kó tirẹ̀ wá. Mo wá bẹ Màmá.

"Màmá, bí ẹ bá gba Fájuyì kọjá lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi béèrè fọ́ọ̀mù."

Màmá wò mí títí. Ó fi ọwọ́ lẹ́rán.

"Mo gbọ́, ọmọ mi," ó ní. "Jọ̀ọ́, má bínú."

Mo rò ó pé kí ni mo fẹ́ bínú sí. Mo ní bóyá bí àwọn Èkìtì ṣe ń bá àlejò sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Igbemo! Ẹ wò ó, bí wọ́n bá ní kí n padà sí ibì kan ṣoṣo nínú ìrìn-àjò yẹn, oko ìrẹsì Igbemo ni. Gbogbo ilẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Ẹ̀gbọ́n Màmá, tí a ń pè ní Ìyá Àgbà, kò gbọ́ ju Èkìtì lọ, tirẹ̀ sì tún yàtọ̀ sí ti Adó. Ọwọ́ la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Á fi ọ̀bẹ hàn mí, á fi ìdí ìrẹsì hàn mí, á gé e, á wojú mi. Bí mo bá gé tèmi wọ́gọwọ̀gọ, á sọ ohun kan tí gbogbo obìnrin oko á fi bú sẹ́rìn-ín, mi ò sì mọ ohun tó sọ títí di òní. Lọ́sàn-án a jẹ ìrẹsì tuntun, ó ní òórùn tirẹ̀, ó pupa díẹ̀, kò nílò ju epo àti ata lọ.

Ní ọjọ́rú, Màmá pè mí lórí fóònù.

"Ọmọ Kétu, mo ti bá ọ ra fọ́ọ̀mù rẹ o. Ó wà ní yàrá rẹ. Èyí tó nípọn ni mo ní kí wọ́n fún mi."

Mo dúpẹ́, mo dúpẹ́. Mo ní èyí tó nípọn dáa, ó ní láti jẹ́ pé ojú ìwé rẹ̀ pọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni mo ti pinnu pé n ó padà, ṣùgbọ́n nígbà tí fọ́ọ̀mù ti wà nílé, kí ni mo ń sáré lọ ṣe? Mo dúró bá wọn kórè dé Sátidé. Ayọ̀ tí mo yọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn, mi ò tíì yọ irú rẹ̀ láti ìgbà náà.

*

Ní ọ̀sán Sátidé, mo gbé ìrẹsì délé. Màmá ló ṣí ilẹ̀kùn yàrá fún mi fúnra rẹ̀, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì mi kúrò lára ògiri. Lórí rẹ̀, ohun tuntun kan nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ mi, wọ́n ti tẹ́ aṣọ funfun sí i. Mo wá ìwé lórí tábìlì. Mo wo abẹ́ ìrọ̀rí.

"Màmá, fọ́ọ̀mù náà ńkọ́?"

"Òun nì yí nílẹ̀!" Ó fi ọwọ́ lù ú, ọwọ́ rẹ̀ rì wọlé. "Jókòó sí i. Ọmọ mi, ìtìjú rẹ ń pa mí láti ọjọ́ tí o ti dé. Àlejò ń sùn lórí ohun tó ti tẹ́ bí ẹní nínú ulé mi, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí o wá fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, mi ò lè sùn. Èmi fúnra mi ni mo rù ú láti Fájuyì. Ọlọ́kadà ní òun ò lè gbé e."

Nílé wa níhìn-ín, tìmùtìmù là ń pè é, tàbí kí a pe orúkọ tí àwọn Faransé fi sílẹ̀. Ta ló sọ fún mi pé ní Adó, fọ́ọ̀mù ni? Bàbá ka ilé mẹ́rin, ilé karùn-ún ni mo wà yìí, mo ń rì sínú rẹ̀.

Mo wo ojú Màmá. Mo wo eékún rẹ̀ tó máa ń dùn ún bó bá gun òkè. Mo jókòó.

"Ó rọ̀ púpọ̀, mà," ni mo wí. "Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á tẹ́ ibùsùn fún ẹ̀yin náà."

Ó jáde lọ, ó ń kọrin. Mo fi aṣọ funfun yẹn bo ẹnu, mo sunkún.

Bàbá ni mo lọ bá ní ẹ̀yìnkùlé. Ó gbọ́ ọ tán, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ó sọ fún èmi náà," ó ní. "Ó ní, 'Mo ti ra fọ́ọ̀mù fún Ọmọ Kétu.' Mo ní ó ṣeun. Mi ò béèrè èwo." Ó fi etí aṣọ nu awò náà. "Èmi! Ogójì ọdún ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n wo ibi tí wọ́n ti pàdé ọ̀rọ̀. Ohun tí ojú ń rí lórí ìwé ni mo ń kọ́ yín. Ohun tí etí ń gbọ́, mi ò kọ́ yín rí."

Ní ọjọ́ Ajé a lọ sí ọ́fíìsì náà. Obìnrin tó wà níbẹ̀ kò yájú sí wa, ó tilẹ̀ fún Bàbá ní àga. Ó ní ojú ẹ̀rọ ti tì láti ọjọ́ Ẹtì, kò sí ẹni tó lè ṣí i, àfi ọdún tó ń bọ̀. Bàbá bẹ̀ ẹ́. Mi ò tíì rí i kó bẹ ẹnikẹ́ni rí. Ojú tì mí fún un.

Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, mo bi í bóyá kí a sọ fún Màmá. Ó rìn títí a fi dé ibi tí ọ̀nà ti ń gun òkè.

"Bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo," ó ní. "Bí ó bá gbọ́, kò ní sùn mọ́. Ṣùgbọ́n èmi kì í purọ́ fún obìnrin yẹn, Ọmọ Kétu. Jẹ́ kí n ro ó."

*

Àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, Màmá, tí kò tíì gbọ́ nǹkan kan, ti jí ṣáájú wa. Ó gbàdúrà lé mi lórí, ó gún iyán, ó ní orí tí yóò ronú kò gbọdọ̀ wà lórí inú òfìfo. Bàbá wọ kóòtù. Ó ní òun yóò sìn mí lọ.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó ti jẹ́ ọ̀gá rí ló mú mi lọ. Ìsinmi ni, kò sí ẹnì kankan. Ó nu bẹ́ǹṣì kan, ó ní kí n jókòó, ó gbé ìwé kan jáde lápò. Ó ti kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ojú ìwé mẹ́fà, lẹ́tà rẹ̀ rẹwà. Ó gbé aago sórí tábìlì.

"Wákàtí mẹ́ta," ó ní. "Má wo ẹ̀yìn."

Ta ni mo fẹ́ wò? Síbẹ̀ mi ò wo ẹ̀yìn. Mi ò kọ ìdánwò tó le tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó mú àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké wọ̀nyẹn, ó ní kí n gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sínú ìṣirò, sínú físíìsì, sínú ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn, sínú òfin. Ìbéèrè ìkẹyìn ní kí n kọ gbogbo ilé tí "fọ́ọ̀mù" ń gbé. Mo kọ mẹ́rin. Mo kọ ìkarùn-ún, mo kọ ọ́ tinútinú.

Ó máàkì í níbẹ̀, pẹ̀lú báírò pupa, kò ṣojú àánú. Gbólóhùn tí mo ti gbàgbé lẹ́tà kan, ó yọ máàkì. Nígbà tí ó dé ìkarùn-ún, ó fa ìlà gba orí rẹ̀. "Sípẹ́lì wọn yàtọ̀," ó ní. "Ọ̀rọ̀ méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan." Òótọ́ ni. Mo tẹrí ba. Ó jókòó wo ìlà pupa náà pẹ́, lẹ́yìn náà ó kọ máàkì mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní pípé.

"Ní Adó," ó ní, "ó gbà."

Ó ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe níwájú àwọn òbí.

Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé. Ojú Bàbá ló ń wò.

"Mo rí ìwé rẹ̀," ni Bàbá wí. "Ó yege."

Màmá kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná, eékún tó ń dùn ún, ó ń dúpẹ́. Bàbá wojú mi. Mi ò rí i kó mí èémí tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

*

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mo dé, ọ̀gá ilé-ìwé wa sì pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Pọ́bẹ̀ ló wà ní kíláàsì mi báyìí. Ó mọṣẹ́, mi ò ní bà á lórúkọ jẹ́. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ kan lójúmọ́. Ó dùn mí. Bí mo bá gbọ́ tí àwọn ọmọ mi àtijọ́ ń kàwé láti ojú fèrèsé yẹn, mo máa ń gba ọ̀nà mìíràn.

Ìdáhùn tí ẹ ń wá nìyí: mi ò mú ìwé ẹ̀rí bọ̀.

Lọ́jọọjọ́ Àìkú ni Màmá ń pè mí. "Ọmọ Kétu, ṣé uṣẹ́ ń lọ? Ṣé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ń gbọ́ràn?" Mo máa ń ní wọ́n ń gbọ́ràn, mà. Bàbá á gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, á kí mi, kò ní fi ọ̀rọ̀ kankan kún un.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń lọ tajà ní ọ̀nà ibẹ̀. Bí ẹ bá dé Ọjà Ọba, ẹ béèrè Màmá Fẹ́mi onírẹsì. Ẹ kúnlẹ̀ kí i fún mi. Kì í ka ìwé mìíràn yàtọ̀ sí Bíbélì, kò ní rí èyí. Bí ó bá ti gbọ́ pé Kétu lẹ ti wá, yóò fi ohun tó ń tà sílẹ̀, yóò bi yín léèrè nípa ìdánwò mi. Ẹ sọ fún un pé mo yege. Ẹ kò purọ́. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó bi yín pé ta ló ṣe ìdánwò náà fún mi.